Ẹ̀yìn Mọ́tò Tí Ọ̀dà Tuntun Bò: Lórí Àtúnṣe Baṣé Àtijọ́ Kan ní Ìfọ̀nyìn

Ọkọ̀ náà dára. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ló gbé kálàmù lé wa lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lórí rẹ̀ ní agboolé kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìfọ̀nyìn lọ sí Ìgólò, gbogbo àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n pè wá wò ó ni a pàtẹ́wọ́. Peugeot 404 ni, irú èyí tó ní ẹ̀yìn gbalasa fún ẹrù, tí àwọn Faransé ń pè ní bâchée nítorí aṣọ tapólì tí wọ́n ń ta bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹnu wa sì sọ di baṣé. Ọ̀dà funfun rẹ̀ ń dán gbinrin. Irin tó yí iná iwájú rẹ̀ ká ń kọ mànà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì fi jí, ọkọ̀ tó ti dákẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún sì tún sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wa.

Ohun tó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé mọ́tò tí a pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ náà kì í ṣe mọ́tò tí a mọ̀.

Ó yẹ kí a ṣe àpèjúwe èyí tí a mọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kọjá ogójì ọdún kò nílò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn wa ló nílò rẹ̀, nítorí zémidjan àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n bá láyé. Nígbà tí bàbá tó ni ín rà á ní Kútọnu, iwájú, ẹ́ńjìnnì, àti pẹpẹ irin lásán lẹ́yìn ni ó ní. Kò sí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí ju ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lọ. Bàbá gbé e lọ bá ẹni tó ń jó irin pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹni yẹn tẹ àwọn ọ̀pá irin bí ọrun, ó sì fi wọ́n ṣe àgò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìfọ̀nyìn gbẹ́ àga gbọọrọ méjì tó dojú kọ ara wọn, ó sì fi ààyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ wọn fún agbọ̀n, fún ewúrẹ́, àti fún ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Wọ́n fi àkàbà irin sí ẹ̀yìn, wọ́n fi àgbékà sí orí fún àpò gàrí, ẹní, àti garawa epo pupa. Wọ́n fi irin sípíríìnì kún sípíríìnì, débi pé bí ọkọ̀ náà bá ṣófo, ìdí rẹ̀ máa ń yọ sókè bí ìdí ewúrẹ́ tó fẹ́ sá; ìgbà tí ènìyàn mẹ́rìndínlógún bá wọ̀ ọ́ ló tó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọjà Ṣàkété kò ní gbàgbé òórùn inú rẹ̀: tapólì tó gbóná, ẹja gbígbẹ, òógùn, àti èéfín tó ń rá wọlé láti ìsàlẹ̀.

Akọ̀wé-ọ̀dà kan ló parí iṣẹ́ náà. Ó kọ L'HOMME PROPOSE sí òkè gíláàsì iwájú, kò sì parí gbólóhùn náà, bóyá nítorí àyè, bóyá nítorí pé ó mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ni yóò parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Sí ara pákó ìdérí ẹ̀yìn, ó fi ọ̀dà pupa àti yẹ́lò kọ EYIN LARO. Kò fi àmì kankan sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀. A rántí pé ní ìgbà èwe wa, bí ọkọ̀ náà bá kọjá lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀: ẹyin adìyẹ ni àbí eyín ẹnu? Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí ni? Àgbà kan ló là á fún wa pé ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn là á rò. Olùkọ́ tó bá ń wá àpẹẹrẹ ìwúlò àmì ohùn kò ní rí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó sì dùn mọ́ wa nígbà tí a gbọ́ ọ yé ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ẹni tó bá ti rí i, ọkọ̀ ti kọjá lọ, òun ló kù lẹ́yìn.

Ọmọ bàbá náà tó ń gbé nílẹ̀ Faransé ló gbé ìnáwó àtúnṣe dìde. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa tẹ́ ìfẹ́ yẹn lójú. Mẹkáníìkì àgbà kan láti agbègbè wa ló tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tó sì tún un tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní àbùkù, a kò sì ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé pélébé tí ilé iṣẹ́ Peugeot ń tẹ̀ láyé ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n wa yìí fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó ṣí i fún wa, ó fi ìka tọ́ka sí àwòrán inú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ó rí gẹ́lẹ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́. Inú gbólóhùn kan yìí ni gbogbo ohun tí a ní í bá a jà lé lórí wà.

Nítorí òṣùwọ̀n yẹn, wọ́n gé àgò irin kúrò. Wọ́n yọ àga méjèèjì. Wọ́n yọ àgbékà orí àti àkàbà. Wọ́n dín irin sípíríìnì kù sí iye tí ìwé sọ, ìdí ọkọ̀ náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Tapólì tuntun tí wọ́n rà láti òkèèrè, tó ní ìdè awọ, ló wà níbẹ̀ báyìí, ó sì kéré débi pé àgbàlagbà kò lè nàró lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìdérí irin tuntun rọ́pò pákó ẹ̀yìn. Wọ́n fá òkè gíláàsì mọ́. A wá ọ̀nà láti mọ ibi tí a ti máa ń jókòó, a kò rí i.

Kí ni ìbẹ̀rẹ̀ ohun kan? Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ní Yúróòpù ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìdáhùn: ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Lójú tiwọn, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò lẹ́yìn ọjọ́ náà jẹ́ ìbàjẹ́, àtúnṣe sì ni kíkó ìbàjẹ́ náà kúrò. Ó lè tọ̀nà lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1960 ni 404 jáde, ọwọ́ Pininfarina ará Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀, ọkọ̀ ìdílé oníwà pẹ̀lẹ́ sì ni wọ́n pète rẹ̀ láti jẹ́ lójú ọ̀dà títì ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ló sọ ọ́ di olókìkí. Ìgbà mẹ́rin ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, nínú ẹrẹ̀ àti eruku tí a kò lè rí ní Paris. Ní Dahomey ìgbà náà, bí ó ti rí ní Níjẹ̀ àti Sẹ̀nẹ̀gà, ẹ̀yìn gbalasa rẹ̀ ni àwọn ènìyàn rí. Ilé iṣẹ́ ta ohun tí kò tíì parí fún wọn, wọ́n sì parí rẹ̀. Bí a bá wá sọ pé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, a ti sọ pé ẹni tó jó irin ní Àjàṣẹ́, ẹni tó gbẹ́ àga, àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí i jẹ́ abàjẹ́. A kò gbà.

Àwọn ará wa ní ìhà kejì ẹnubodè mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. Bọ́lẹ̀kájà tí wọ́n fi ń na ọjà láyé ijọ́un, ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ àti egungun irin nìkan ló ń ti Ìlú Ọba dé. Gbogbo ara rẹ̀, láti ilé awakọ̀ dé pákó ẹ̀yìn, iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ilé ni. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, bọ́ọ́lẹ̀ ká jà, kò jáde láti inú ìwé ilé iṣẹ́ kankan. Nígbà tí Wole Soyinka kọ eré The Road, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965, ara bọ́lẹ̀kájà tí kò lè rìn mọ́ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jọ̀gbọ́n, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí. Awakọ̀ tí ẹ̀rù ọ̀nà ti bà nínú eré náà ń jẹ́ Kotonu. Inú wa máa ń dùn láti rí orúkọ yẹn níbẹ̀, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe nítorí tiwa ló ṣe fi í síbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé Soyinka kò fi lọ́rì tó mọ́ tónítóní sórí ìtàgé. Ó mọ̀ pé ìtàn wà nínú pákó tó ti ya àti nínú irin tí a yọ lára òkú ọkọ̀ kan láti fi jí òmíràn. Ògún tó ni irin kò béèrè pé kí irin jẹ́ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ fíìmù díẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí àwọn méjì yìí wò, èdè Faransé sì ni ọ̀kan nínú wọn fi ń sọ̀rọ̀ jùlọ.

Èkíní ni Cocorico! Monsieur Poulet, tí wọ́n ṣe ní Níjẹ̀, tó jáde ní 1974. Orúkọ olùdarí tí wọ́n kọ sí i ni Dalarou. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú orúkọ kan yìí: Damouré Zika, Lam Ibrahima Dia, àti Jean Rouch. Lam ni Ọ̀gbẹ́ni Poulet, ó ń wa Citroën 2CV kan tí wọ́n ń pè ní Patience kiri ìgbèríko láti ra adìyẹ tí yóò tà ní Niamey. Àwọn àgbẹ̀ Faransé ni Citroën ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n fi 2CV hàn ní Paris ní 1948. Ẹ wá wo ohun tí ó dà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yìí. Ó ń kọ̀ṣẹ́, wọ́n ń tún un ṣe, ó sọdá odò Ọya, ó sì ń bá ìrìn-àjò lọ. Ẹ̀rín pọ̀ nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí ẹ̀rín yẹn fi Patience ṣe ẹlẹ́yà. Àwa ò tíì rí ibòmíràn tí kámẹ́rà ti fi sùúrù tó bẹ́ẹ̀ wo ọgbọ́n ọwọ́ ẹni tí kò ní irinṣẹ́. Ká ní ẹnìkan tún Patience ṣe títí ó fi bá ìwé 1948 mu, kí ni yóò kù nínú rẹ̀ tí a lè pè ní Patience?

Èkejì ni Touki Bouki tí Djibril Diop Mambéty ṣe ní Dakar ní 1973. Alùpùpù ni tibẹ̀, kì í ṣe mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mory so agbárí màlúù tó ní ìwo gígùn mọ́ iwájú alùpùpù rẹ̀, òun àti Anta sì ń gùn ún kiri, wọ́n ń lá àlá Paris. Ẹni tó bá rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan kò lè gbàgbé rẹ̀, ìwo náà ni kò sì ní gbàgbé. Ní ìparí, nígbà tí Mory kọ̀ tí kò bá ọkọ̀ ojú omi lọ mọ́, tó sáré padà, ó bá alùpùpù náà ní fífọ́, agbárí màlúù ló sì kù fún un láti gbé. Ní 2008, wọ́n tún fíìmù yìí ṣe ní Bologna, lábẹ́ àbójútó World Cinema Foundation tí Martin Scorsese dá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àtúnṣe yẹn wé tiwa. Wọ́n gbógun ti ìdọ̀tí àti ìbàjẹ́ ọjọ́ pípẹ́, wọ́n wá àwọ̀ tó ti ń ṣá. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn ni ohun tí Mambéty fi sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ tó ta fíìmù òfìfo fún un fi sínú páálí. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí a nu eruku ara ìwo àti kí a gé ìwo ni a ń sọ.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá lọ́nà nígbà tí a ń padà pé: ṣé kí wọ́n fi ìpẹtà sílẹ̀ nígbà náà? Ó tọ̀nà láti béèrè. Àpẹẹrẹ kan wà ní Èkó tí gbogbo ẹni tó bá lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan ti rí: Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a dí wọn, kí a sì kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà dúdú tuntun, nítorí ihò wọ̀nyẹn ni ìdí tí ọkọ̀ náà fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò ní rìn mọ́ láé, ohun ọ̀fọ̀ sì ni. Baṣé wa kì í ṣe ohun ọ̀fọ̀. A fẹ́ kí ó rìn, a fẹ́ kí ìyàwó gùn ún lọ sí ilé ọkọ, nítorí náà ìpẹtà gbọ́dọ̀ kúrò, irin tó ti jẹrà gbọ́dọ̀ lọ. Pákó àga náà, ikán ti jẹ apá kan rẹ̀. Ìyẹn kò nílò ju gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Ẹni tó bá gbẹ́ àga tuntun ní ìwọ̀n ti àtijọ́ ti tún ọkọ̀ náà ṣe. Ẹni tó bá yọ àga tí kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀ ti ṣe ọkọ̀ mìíràn.

A wá dé ibi tó ṣòro, a kò sì ní fò ó. Nígbà tí wọ́n tú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n bá táǹkì kejì níbẹ̀, pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi páànù jó pọ̀ tí wọ́n sì fi pamọ́ lábẹ́ pẹpẹ ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní agbègbè Ìgólò mọ ohun tó wà fún. Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ lójú ọ̀nà, nígbà tí àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀, baṣé wa ń gbé epo fàyàwọ́ wọlé láti Ìdí-Ìrókò, kpayo tí gbogbo wa ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Owó rẹ̀ wà nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà, a sì lè sọ pé ó wà nínú owó tí wọ́n fi kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n gé táǹkì náà, wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kí àwa tó débẹ̀. Mẹkáníìkì ló fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún wa. Ìdílé náà kò sọ ọ́.

A mọ ìdí. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀ ju ìtìjú lọ: epo yìí ti jó ilé, ó ti jó ọkọ̀, ó ti jó ènìyàn ní agbègbè yìí, kò sì sí ìdílé tó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. A kò sọ pé kí wọ́n da epo sínú táǹkì náà kí wọ́n sì wà á kiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ Àjàṣẹ́ kan, Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní 1962, fi irú ohun kan náà ṣe. Bidon tí àwọn oní-kpayo ń lò, tí wọ́n máa ń fi iná yọ́ kí ó lè wú, kí ó lè gba epo ju ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe é fún lọ, ni ó sọ di ojú ènìyàn. Nínú La Bouche du Roi, bidon 304 ló tò ní ìrísí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú, ó sì fi àwòrán àwọn tó ń fi alùpùpù gbé epo kún un, kí a lè rí i pé ẹrù wà tó ń pa ẹni tó rù ú títí di òní. British Museum ra iṣẹ́ náà ní 2007. Ọdún kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel fún ọkọ̀ ojú omi tó fi bidon kàn. Hazoumè kò fọ òórùn epo kúrò lára bidon rẹ̀ kí àlejò má baà yí imú. Wíwú tí bidon wú, èyí tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ wa ṣe, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wò.

Ó jọ wá lójú pé Lọ́ńdọ̀nù ń sanwó láti rí ohun tí àwa ń sanwó láti gé dànù ní Ìfọ̀nyìn.

Ẹ̀gbọ́n wa tó tún ọkọ̀ náà ṣe fún wa lésì, ó sì yẹ kí a kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, nítorí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní bàbá òun kò fẹ́ àgò irin yẹn rí. Ó ní owó ni kò sí. Ó ní bàbá máa ń gbé ìwé pélébé Peugeot náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán ló sì ń wù ú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun ọmọ wá fún un ní ọkọ̀ tí kò lè rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn sàréè ti dé. Nígbà tó sọ èyí, a dákẹ́. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ̀ ló tún ṣe bí kò ṣe àlá bàbá rẹ̀, a kò sì ní àṣẹ láti bá ọmọ jà lórí àlá bàbá rẹ̀.

Síbẹ̀, a rò ó lẹ́yìn náà, ọkàn wa kò balẹ̀. Ọkọ̀ èrò kì í ṣe ti ẹni tó ni ìwé rẹ̀ nìkan. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Ṣàkété ní ìpín nínú rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Pọ̀bẹ̀ tí wọ́n bí sórí àga apá òsì, gbogbo ìlú ló mọ ìtàn yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa bá sọ pé àlá bàbá òun ni, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti jókòó nínú ìjí àlá yẹn, nínú ohun tí bàbá ṣe nígbà tí àlá kò ṣeé ṣe, ohun yẹn ló sì gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó lè wá jẹ́ pé ọkọ̀ méjì ni bàbá náà ní, ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀kan lójú ọ̀nà, tí ó sì jẹ́ èyí tó wà lójú ọ̀nà ni àwa mọ̀. Àléébù àtúnṣe yìí, ní ìdájọ́ wa, ni pé ó fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́ láìjẹ́ kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé òmíràn ti wà rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé àwòrán ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣoṣo kọ́ sára ògiri agboolé náà, ọ̀rọ̀ wa ì bá gba ọ̀nà mìíràn.

Opó bàbá náà ṣì wà láyé. Wọ́n gbé àga síta fún un kí ó lè wo ọkọ̀ náà. A kí i, a dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin wa kúnlẹ̀. A ní, “Ìyá, ẹ kú orí ire, ọkọ̀ yín ti dé.” Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ó dára o. Ta ló ni ín?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú ìyá kò ríran dáadáa mọ́. Àwa kò rẹ́rìn-ín.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọ̀kan nínú wa yà sí ẹ̀yìnkùlé láti fọ ọwọ́. Pákó ìdérí ẹ̀yìn ló rí níbẹ̀, tí wọ́n fi gbé ara ògiri ilé ìdáná, pẹ̀lú igi ìdáná tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ikán ti jẹ igun kan. Y àti I ti ń ṣá, ṣùgbọ́n LARO ṣì pupa. Adìyẹ kan ti yé sí abẹ́ rẹ̀, ẹyin mẹ́ta. A padà lọ bá ìyàwó ilé, a bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má dá a fún iná. Ó ní kò burú, òun yóò fi sílẹ̀ títí adìyẹ náà yóò fi pa.